Ọnà Bébà: Ohun Fẹ́lẹ́ Tí Ó Ní Agbára

Nígbà tí ẹ kọ́kọ́ di pẹ́ńsùlù mú, ọwọ́ ń gbọ̀n. Ọwọ́ tí ó mọ ọkọ́ àti àdá rò pé pẹ́ńsùlù ti fúyẹ́ jù, pé yóò kán. Nísinsìnyí, ẹ ń kọ orúkọ yín fúnra yín. Inú wa dùn sí i.

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ohun mìíràn tí ó fúyẹ́. Bébà ni. Àwọn àgbà mìíràn ń pè é ní tákàdá. Láti ìgbà tí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, orí bébà ni ẹ ń kọ̀wé sí. Lónìí, a ó ká a, a ó gé e, a ó sì fi ṣe ọnà. Bí a ti ń ṣe é, a ó rí i pé ohun tí ó fúyẹ́ lè ní agbára púpọ̀ bí a bá mọ bí a ti í ká a. Àwọn bàbá wa ṣáà sọ pé, bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wá àwọn nǹkan wọ̀nyí:

Ewé bébà mẹ́ta tí kò tíì rún. Bí ẹ bá ti kọ nǹkan sí i, kò burú.
Páálí kékeré kan, irú páálí ọṣẹ tàbí ti ṣúgà.
Òwú líle, kí ó gùn tó ìwọ̀n apá méjì.
Abẹ́rẹ́ ńlá kan, rúlà kan, àti àlùmọ́gàjí kan.
Ife méjì tí ó ga bákan náà.

Ẹ WO ÒRÙLÉ YÍN

Ẹ gbé ojú sókè kí ẹ wo páánù tí ó wà lórí ilé. Ṣé ó tẹ́ pẹrẹsẹ bí ọpọ́n? Rárá o. Ó ga, ó lọ sílẹ̀, ó tún ga, ó tún lọ sílẹ̀, bí ebè àti poro nínú oko. Irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni páánù. Bí ó bá tẹ́ pẹrẹsẹ, ẹsẹ̀ káfíńtà yóò tẹ̀ ẹ́ wọlé, atẹ́gùn yóò sì máa gbọ̀n ọ́n bí aṣọ. Ebè àti poro yẹn ni kò jẹ́ kí ó tẹ̀. Ẹnjiníà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, Henry Robinson Palmer, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí irú páánù bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1829.

Báwo ni ebè ṣe ń fún irin ní agbára? Ẹ jẹ́ kí a fi pákó ṣe àpẹẹrẹ. Bí a bá fi pákó gígùn kan dábùú gọ́tà, tí a tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ, tí ènìyàn sì gun orí rẹ̀, yóò tẹ̀ ní àárín. Ṣùgbọ́n bí a bá dá pákó kan náà dúró lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí ó tín-ín-rín, kò ní tẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́. Pákó kan náà ni. Ìwúwo rẹ̀ kò yí padà. Ìdúró rẹ̀ nìkan ni a yí. Ìdí nìyí tí káfíńtà fi ń dá igi àjà dúró lórí ẹ̀gbẹ́.

Nínú páánù, gbogbo ibi tí ó ti inú poro gòkè dé orí ebè dà bí pákó tí a dá dúró. Nítorí náà ni irin fẹ́lẹ́ ṣe lè gba ara rẹ̀, tí ó sì lè gba káfíńtà pẹ̀lú.

IṢẸ́ KÌÍNÍ: ABẸ̀BẸ̀ BÉBÀ

1. Ẹ gbé ife méjì kalẹ̀. Ẹ fi àyè tí ó tó àtẹ́lẹwọ́ kan sí àárín wọn. Ẹ fi ewé bébà kan lé wọn lórí bí afárá. Ẹ wá gbé pẹ́ńsùlù lé àárín bébà náà. Bébà tẹ̀, pẹ́ńsùlù sì bọ́ sílẹ̀, àbí?

2. Ẹ mú bébà náà. Ẹ ká etí rẹ̀ kan wọlé, kí ó fẹ̀ tó ìka kan. Ẹ dojú bébà dé, kí ẹ tún ká ìwọ̀n kan náà. Ẹ máa dojú rẹ̀ dé, kí ẹ máa ká a, títí bébà yóò fi tán. Ẹ fi èékánná tẹ ojú ìṣẹ́po kọ̀ọ̀kan dáadáa.

3. Ẹ ṣí i díẹ̀. Ó ti di páánù kékeré. Ẹ tún gbé e lé orí ife méjèèjì, kí àwọn ebè rẹ̀ na láti orí ife kan dé èkejì. Ẹ gbé pẹ́ńsùlù lé e. Ó gbà á! Ẹ gbé ìwé kékeré kan lé e. Ẹ máa fi ohun mìíràn kún un díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi ṣubú. Ẹ kọ iye ohun tí ó gbé sílẹ̀.

Ẹ wò ó o. A kò fi igi sí bébà náà, a kò fi irin sí i. Bí ó ti wúwo tẹ́lẹ̀ náà ni ó ṣe wúwo. Kíká nìkan ni a ká a.

4. Nísinsìnyí, ẹ pa bébà náà pọ̀ kí ó di tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ fi àlùmọ́gàjí gé ihò kéékèèké sí etí rẹ̀, irú èyí tí ó dà bí ẹyín, tàbí tí ó dà bí òṣùpá tuntun. Ẹ ṣọ́ra, ẹ má gé e já. Ẹ wá fi òwú so ìdí rẹ̀ pọ̀, kí ẹ sì tẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ dé! Ihò kan ṣoṣo tí ẹ gé ti di mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, gbogbo wọn sì bá ara wọn mu. Ẹnikẹ́ni tí kò rí yín nígbà tí ẹ ń gé e yóò rò pé odindi ọjọ́ kan ni ẹ fi ṣe é.

LẸ́TÀ TÍ Ó JẸ́ ÀPÒ ARA RẸ̀

Ọ̀pọ̀ ẹbí ní agbègbè Èjìgbò ni ó ní ènìyàn ní Àbìjàn. Àwọn mìíràn ní ọmọ ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí ní Amẹ́ríkà. Kí tẹlifóònù tó kárí ilé, lẹ́tà ni a fi ń gbọ́ ohùn ara wa. Lẹ́tà tí ó bá gba òfurufú ni ó ń yá jù, ṣùgbọ́n ọkọ̀ òfurufú kì í fẹ́ ẹrù wíwúwo. Bí lẹ́tà bá ti wúwo tó ni owó rẹ̀ ti ń pọ̀ tó.

Àwọn oníṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ wá ronú. Wọ́n ṣe ewé bébà kan tí ó fẹ́lẹ́, tí àwọ̀ rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ búlúù. Ènìyàn yóò kọ̀wé sí inú rẹ̀, yóò ká a, yóò lẹ etí rẹ̀, yóò sì kọ àdírẹ́ẹ̀sì sí ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́tà náà ni àpò ara rẹ̀. Ilẹ̀ Ìráàkì ni ó kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ ní ọdún 1933. Orúkọ rẹ̀ ni aerogramme. Àwọn àgbà tí wọ́n ní ọmọ ní òkè òkun ní àkókò náà yóò rántí rẹ̀.

Ẹ̀kọ́ wo ni ó wà níbẹ̀? Ẹni tí ó ṣe é kò wá ohun tí yóò fi kún bébà. Ó wá ohun tí òun lè yọ kúrò. Ó yọ àpò ìwé kúrò, ó sì fi kíká rọ́pò rẹ̀.

BÉBÀ TÍ Ó LỌ SÍ OJÚ ỌRUN

Àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ tí ń rán nǹkan lọ sí ojú ọ̀run ní ìṣòro kan náà, ṣùgbọ́n tiwọn le jù. Ẹ̀rọ tí ó wà lókè nílò iná. Sólà ni ó ń fún un ní iná, bí irú èyí tí ẹ ń rí lórí òrùlé àwọn ilé kan nísinsìnyí. Sólà gbọ́dọ̀ fẹ̀ kí ó tó rí oòrùn gbà. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ há. Báwo ni ohun tí ó fẹ̀ bí ẹní yóò ṣe wọ inú àpótí? Ta ni yóò sì bá a tẹ́ ẹ nígbà tí ó bá dé òkè?

Ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní ilẹ̀ Jàpáànù, Koryo Miura, ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí ní nǹkan bí ọdún 1970. Kíká bébà jẹ́ ọnà àtijọ́ ní ilẹ̀ wọn. Orígámì ni wọ́n ń pè é. Miura wá ọ̀nà kan láti ká ewé bébà tí ó fi jẹ́ pé bí a bá fa igun méjì rẹ̀, gbogbo rẹ̀ yóò ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Bí a bá tì í padà, gbogbo rẹ̀ yóò pa dé lẹ́ẹ̀kan náà. Ní oṣù kẹta ọdún 1995, àwọn ará Jàpáànù rán ẹ̀rọ kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Space Flyer Unit lọ sókè. Wọ́n gbé sólà tí a ká ní ọ̀nà Miura sínú rẹ̀ láti dán an wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1996, ọkọ̀ Endeavour ti ilẹ̀ Amẹ́ríkà lọ gbé ẹ̀rọ náà padà wá sí ilé ayé.

Ohun tí ó gun òkè ọ̀run yìí, ọwọ́ yín lè ṣe é lórí tábìlì.

IṢẸ́ KEJÌ: KÍKÁ MIURA

Iṣẹ́ yìí gba sùúrù ju ti abẹ̀bẹ̀ lọ. Ẹ má kánjú.

1. Ẹ mú ewé bébà tuntun. Ẹ ká a wọlé síta bí ẹ ti ká ti abẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ọ̀nà márùn-ún péré, kí gbogbo wọn dọ́gba. Kí ìṣẹ́po náà gba ọ̀nà gígùn bébà lọ. Bébà yóò di ọ̀já gígùn tẹ́ẹ́rẹ́.

2. Ẹ fi ọ̀já náà kalẹ̀ níwájú yín, kí orí rẹ̀ kọjú sí òkè. Ẹ ká ìsàlẹ̀ rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n ìka mẹ́ta. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ó fì sí ọwọ́ ọ̀tún díẹ̀, bí igi tí atẹ́gùn tì. Bí ó bá fì jù, kò ní dára. Bí kò bá fì rárá, kò ní ṣiṣẹ́.

3. Ẹ ká a padà sí ìsàlẹ̀. Kí ìṣẹ́po kejì yìí àti ti àkọ́kọ́ máa lọ ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn bí ojú irin rélùwéè méjì tí kì í pàdé. Ẹ tún ká a sókè, ẹ tún ká a sísàlẹ̀, títí ọ̀já yóò fi tán. Ẹ fi rúlà tẹ gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

4. Ẹ ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ó rí irú ìlà méjì. Àwọn kan lọ tààrà. Àwọn kan ń yà sọ́tùn-ún, wọ́n ń yà sósì, bí ipa ejò. Ipa ejò yìí ni iṣẹ́ wà.

5. Ẹ mú ipa ejò kìíní. Ẹ fi ìka méjì fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí gbogbo rẹ̀ di ebè. Ẹ mú ipa ejò kejì, kí ẹ tẹ gbogbo rẹ̀ wọlé kí ó di poro. Ẹ̀kẹta ebè, ẹ̀kẹrin poro, bẹ́ẹ̀ ni títí dé ìparí. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu lórí àwọn ìlà tí ó lọ tààrà. Wọn yóò tẹ̀lé e fúnra wọn.

6. Ẹ wá fi ọwọ́ méjèèjì kó bébà náà jọ jẹ́jẹ́. Yóò pa dé, yóò di kékeré tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè wọ àpò agbádá. Ẹ di igun méjì tí ó kọjú sí ara wọn mú, kí ẹ sì fà á. Ó ṣí! Ẹ tì í. Ó pa dé!

Bí tàkọ́kọ́ kò bá ṣiṣẹ́, ẹ padà sí ìlà karùn-ún kí ẹ wo ipa ejò kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ebè àti poro bá ti dàpọ̀ lórí ipa kan ṣoṣo, ibẹ̀ ni àṣìṣe wà.

BÉBÀ NÍ ILÉ ÌWÒSÀN

Ọ̀rọ̀ yìí kan ìlera wa. Manu Prakash jẹ́ onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà. Ní ọdún 2014, òun àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fi ẹ̀rọ kan han aráyé tí wọ́n ń pè ní Foldscope. Ẹ̀rọ tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò lè rí ni. Ewé bébà ni a gé tí a sì ká láti fi ṣe é, pẹ̀lú dígí róbótó kékeré kan. Ohun èlò tí ó wà nínú rẹ̀ kò tó dọ́là kan. Ó lè mú kí nǹkan tóbi lójú ní ìlọ́po 140. Ó ti lé ní mílíọ̀nù kan tí a ti pín káàkiri ayé.

Prakash lọ sí ilẹ̀ Ùgáńdà. Ó rí i ní ilé ìwòsàn kan pé ẹ̀rọ olówó ńlá tí a fi ń yí ẹ̀jẹ̀ pòòyì ni wọ́n fi ń dá ilẹ̀kùn dúró. Kí ló fà á? Kò sí iná mànàmáná tí yóò gbé e.

Ẹ ó béèrè pé, kí ni wọ́n ń yí ẹ̀jẹ̀ sí? Ẹ̀yin ìyá tí ń sẹ́ ògì mọ ìdáhùn rẹ̀. Bí ẹ bá gbé ògì kalẹ̀, ògì yóò lọ sí ìsàlẹ̀, omi rẹ̀ yóò sì wà lókè, nítorí pé ògì wúwo ju omi lọ. Ẹ̀jẹ̀ náà ní èyí tí ó wúwo àti èyí tí ó fúyẹ́ nínú. Bí a bá yí i pẹ̀lú eré gidigidi, wọn yóò pínyà kíákíá. Nígbà náà ni àwọn oníṣègùn lè wá kòkòrò ibà nínú rẹ̀ pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Prakash àti Saad Bhamla àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wá wo ohun ìṣeré ọmọdé. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọ á fi òkúta lu ìdérí ìgò mínírà kí ó tẹ́, á lu ihò méjì sí àárín rẹ̀, á ki òwú bọ̀ ọ́, á lọ́ òwú náà, á sì máa fà á. Ìdérí á máa pòòyì, á máa han fìn-ìn. Irú ohun ìṣeré yìí ti wà ní ayé láti ọjọ́ pípẹ́. Wọ́n fi bébà ṣe tiwọn. Wọ́n sọ ọ́ ní Paperfuge, wọ́n sì kọ ìròyìn rẹ̀ jáde ní oṣù kìíní ọdún 2017.

Bébà náà kò wúwo ju gíráàmù 2 lọ. Iye owó rẹ̀ jẹ́ sẹ́ǹtì 20 owó Amẹ́ríkà. Kò lo iná, kò lo epo. Ọwọ́ ènìyàn ni ó ń fà á. Síbẹ̀, ó lè yí ní ìgbà 125,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Láàárín ìṣẹ́jú kan àbọ̀, ó ti ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀. Láàárín ìṣẹ́jú 15, ó lè ya kòkòrò ibà sọ́tọ̀.

IṢẸ́ KẸTA: BÉBÀ TÍ Ń PÒÒYÌ

1. Ẹ fi ẹnu ife ya òbìrí sórí páálí, kí ẹ sì gé e. Ẹ wá àárín rẹ̀ gan-an. Ẹ fi abẹ́rẹ́ lu ihò méjì sí àárín náà, kí wọ́n sún mọ́ ara wọn.

2. Ẹ fi pẹ́ńsùlù tàbí bírò kun ojú rẹ̀. Ẹ fi àmì tótòtó sí i, tàbí ìlà láti àárín dé etí.

3. Ẹ ki òwú gba ihò kan, kí ó gba èkejì padà, kí ẹ sì ta orí òwú méjèèjì pọ̀. Ẹ fi ìka kan bọ ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí páálí náà títí òwú yóò fi lọ́. Ẹ wá máa fà á, kí ẹ máa dẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo àwọn àmì tótòtó yẹn. Wọ́n ti di òrùka! Bí páálí bá ń gbọ̀n, ihò kò sí ní àárín gan-an nìyẹn. Ẹ gé òmíràn.

Ìkìlọ̀ wa nìyí o: tiwa fún ọnà àti ẹ̀kọ́ ni. Ẹ má ṣe fi ẹ̀jẹ̀ sí i. Bí ara ọmọ bá gbóná, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò kíákíá. Ibà kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

BÍ A TI LÈ LO ỌNÀ YÌÍ

Ẹ lè so abẹ̀bẹ̀ bébà mẹ́fà tàbí mẹ́jọ mọ́ ara wọn kí ẹ fi ṣe ògiri ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìsọmọlórúkọ tàbí ìgbéyàwó. Ẹ lè fi ewé Miura kọ́ ojú fèrèsé. Nígbà tí oòrùn bá ta sí i, ojú kan yóò mọ́, ojú kejì yóò ṣókùnkùn díẹ̀, yóò sì dára lójú. Ẹ má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ àtùpà tàbí àdògán, nítorí bébà àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́. Lásìkò òjò, ẹ ká a kí ẹ fi í sínú àpótí, kí omi má bà á jẹ́.

Ẹ̀yin ará wa, àwọn ènìyàn kan ń sọ pé ọwọ́ àgbẹ̀ ti yi jù fún iṣẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ẹ má gbà wọ́n gbọ́. Ọwọ́ tí ó ń gbin irúgbìn ata kéékèèké, ọwọ́ tí ó ń di irun ọmọ ní ìlà tín-ín-rín, ọwọ́ iṣẹ́ ọnà ni. Bébà kò béèrè agbára. Sùúrù àti ojú tí ó mọ ìwọ̀n ni ó ń béèrè, ẹ sì ní méjèèjì.

Bí ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ kọ́ ẹnìkan sí i nínú ilé. Ẹ ka ìlà iṣẹ́ náà sókè fún un bí ó ti ń ká tirẹ̀. Báyìí ni kíkà yín yóò máa yọ̀ mọ́ yín lẹ́nu, tí ẹlòmíràn yóò sì rí i pé ìwé kíkà ní èrè tí a lè fi ọwọ́ dì mú.

ÌBÉÈRÈ

1. Kí ni ó ń fún páánù ní agbára?
2. Kí ló dé tí lẹ́tà tí ó gba òfurufú fi gbọ́dọ̀ fúyẹ́?
3. Ọdún wo ni sólà tí a ká ní ọ̀nà Miura lọ sí ojú ọ̀run?
4. Báwo ni ògì ṣe jọ ẹ̀jẹ̀?
5. Nǹkan mélòó ni bébà yín gbé kí ó tó ṣubú? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ sì fi wé ti ẹnìkejì yín.

Ẹ kọ àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí sínú ìwé yín ní ẹ̀ẹ̀mẹta: fẹ́lẹ́, ìṣẹ́po, ebè, poro, igun, òbìrí, pòòyì, ìwúwo.